Bí Géèjì Epo Ọkọ̀ Bá Ń Ṣe Ségesège: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Ọkọ̀ mi kú sójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ géèjì epo rẹ̀ dúró sí ìdajì gbọn-in. Táǹkì ti gbẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni mo ti ra pọ́ǹpù epo tuntun sí i, nítorí pé mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá sọ pé pọ́ǹpù ló ń da géèjì láàmú, kò sì fi mítà, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná, kan ohunkóhun kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà tú u wò fúnra mi, ìka irin tín-ínrín kan, tí kò gùn tó èékánná ọmọdé, ni kò fara kan ojú ọ̀nà rẹ̀ dáadáa mọ́. Owó pọ́ǹpù ti lọ, ìṣòro kò sì kúrò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ ẹnikẹ́ni tí géèjì rẹ̀ ń ṣe ségesège pé kó kọ́kọ́ mọ èyí tí àrùn wà nínú ibi mẹ́ta: inú táǹkì, ojú ọ̀nà wáyà, tàbí ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìdánwò kan wà tó ń pín ọkọ̀ sí méjì tó sì ń fi apá tí àrùn wà hàn, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, òun sì ni ọkàn iṣẹ́ yìí.

Ọkọ̀ Toyota Corolla ti ọdún 2003 sí 2008 ni n óò máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó pọ̀ lójú títì wa, àti pé a lè dé orí táǹkì rẹ̀ láti abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn láì sọ táǹkì kalẹ̀.

Bí géèjì ṣe ń mọ iye epo

Ohun fífúyẹ́ kan wà nínú táǹkì tó ń léfòó lórí epo. Bọ́ọ̀lù ni n óò máa pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò rí roboto. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù, bí epo bá ti ń pọ̀ tàbí ń dín ni irin náà ń lọ sókè sódò. Ní ìdí irin yìí ni àwọn ìka kéékèèké wà tí wọ́n ń rá lórí pátákó pẹlẹbẹ kan, pátákó tí wọ́n fi ohun tó ń dènà iná kùn lójú. Ibi tí ìka bá dúró sí lórí pátákó ló ń pinnu bí ìdènà iná ṣe pọ̀ tó, géèjì a sì túmọ̀ ìdènà náà sí iye epo. Gbogbo àkójọ bọ́ọ̀lù, irin, ìka àti pátákó yìí ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní fúlóòtì.

Óòmù ni a fi ń ka ìdènà iná. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota òde òní, ó máa ń wà ní nǹkan bí óòmù 15 nígbà tí táǹkì bá kún, yóò sì ju 400 lọ nígbà tó bá gbẹ. Nínú àwọn Toyota àtijọ́, nǹkan bí 3 ni ti kíkún, nǹkan bí 110 sì ni ti gbígbẹ. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan kọjú sí ọ̀nà kejì: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ GM (General Motors) àtijọ́, 0 ni gbígbẹ, 90 ni kíkún. Nítorí náà, ẹ má ṣe yá nọ́ńbà ọkọ̀ kan lò fún òmíràn.

Ohun méjì ló sábà máa ń ba fúlóòtì jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé fàdákà wà lára ojú ibi tí ìka àti pátákó ti ń fara kanra nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, imí ọjọ́ tó wà nínú epo bẹntiróò sì máa ń sọ ojú fàdákà di dúdú, tí iná kò fi ní lè gbabẹ̀ kọjá dáadáa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2004, epo tí imí ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ dé àwọn ilé epo ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ó sì ba géèjì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ láàárín àkókò kúkurú. Ìkejì ni jíjẹ. Ibi tí ìka bá ti ń rá jù lórí pátákó ló ń kọ́kọ́ jẹ, bí ìsàlẹ̀ bàtà ṣe ń jẹ ní gìgísẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, púpọ̀ nínú wa ni kì í kún táǹkì mọ́; díẹ̀díẹ̀ là ń rà á, ìsàlẹ̀ pátákó nìkan ni ìka sì ń rá láti àárọ̀ di alẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ wo ìwà rẹ̀

Ẹ má tíì tú ohunkóhun. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣọ́ ọwọ́ géèjì, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀: kìlómítà tí ẹ ti rìn láti ìgbà tí ẹ ra epo, ibi tí ọwọ́ wà, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó yí padà. Àwọn ìwà kan wà tí kì í ṣe àrùn. Bí ọkọ̀ bá dúró sí ibi tó dagẹ̀rẹ̀, epo á wọ́ sí apá kan táǹkì, géèjì á sì ṣìnà títí ọkọ̀ yóò fi padà sórí ilẹ̀ títẹ́jú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ra epo, ó lè pẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ tó gòkè, torí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa lọ́ra, kí epo tó ń mì nínú táǹkì má baà máa gbọ̀n ọ́n. Ìlọ́ra yìí ló jẹ́ kí jíjábọ́ òjijì jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì. Bí ọwọ́ bá ti ìdajì já sí E (gbígbẹ) lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì tún fò padà, kì í ṣe epo ló ń mì, iná ló ń já.

Bó bá jẹ́ pé ibì kan náà ló ti ń já ní gbogbo ìgbà, tó sì ń dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí epo bá kọjá ibẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé pátákó ti jẹ ní ojú ibẹ̀. Bó bá ń já nígbà tí táyà bá bọ́ sínú kòtò, yálà epo pọ̀ tàbí ó kéré, wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá ń rìn bó ṣe yẹ àmọ́ tí kì í dé F (kíkún) láé, tó sì ń tètè dé E, ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀lù ti mu epo, kó wúwo, kó sì máa rì. Bó bá sì dúró sójú kan láì mira, nínú Toyota, wáyà tó já á gbé ọwọ́ lọ sí E, wáyà tó ń kan ara ọkọ̀ á gbé e lọ sí F.

Àmì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí dáadáa nítorí pé ó rọrùn láti rí lálẹ́. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí iná dáṣíbọ́ọ̀dù yóò fi tàn, ẹ tan iná iwájú, ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ sì tan tiráfíkétọ̀. Bí ọwọ́ géèjì bá ń mi lọ mi bọ̀ bí tiráfíkétọ̀ ṣe ń tàn tó ń kú, wáyà áàtì ni ìṣòro: àwọn iná ẹ̀yìn àti fúlóòtì jọ ń lo ojú ibi kan náà láti padà sí bátìrì, ojú ibẹ̀ sì ti dípẹtà.

Ìgbésẹ̀ kejì: fíúsì àti dáṣíbọ́ọ̀dù

Ibí yìí kò gba àkókò. Bí géèjì ooru tàbí àwọn géèjì mìíràn bá ń ṣe ségesège pẹ̀lú ti epo, ẹ yẹ fíúsì tí wọ́n kọ GAUGE tàbí METER sí lórí ìdérí wò, kí ẹ sì fi mítà wọn bátìrì. Bátìrì tó dára yóò ní nǹkan bí 12.6 fólítì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa, yóò sì tó 13.5 sí 14.5 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò, ẹ wá kóòdù P0460, P0461, P0462 àti P0463, ìlà géèjì epo ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. P0462 ń sọ pé iná tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ kéré jù, P0463 sì ń sọ pé ó pọ̀ jù. Kóòdù kì í sọ pé kí ẹ ra fúlóòtì; ìlà ló dárúkọ, ìlà náà sì ní wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìpalẹ̀mọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kánjú níbí. Epo bẹntiróò ń yọ gáàsì tó lè gbaná kódà nínú òtútù tó ń sọ omi di yìnyín, gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń bá rìn, ó sì lè rìn jìnnà dé ibi tí ẹnì kan ti ń dín àkàrà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́ náà, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, sìgá àti ààrò. Ẹ jẹ́ kí epo inú táǹkì kéré sí ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀ẹ́fun sítòsí. Ẹ má ṣe fi gílóòbù tí wọ́n so wáyà mọ́ wo inú táǹkì. Tọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti tàn kí ẹ tó ṣí i, tí ẹ sì mú dúró lókèèrè, ti tó.

Ẹ fa ìjókòó ẹ̀yìn sókè láti iwájú rẹ̀, yóò já kúrò nínú àwọn ìkọ́ rẹ̀. Ẹ ó rí ìdérí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dúdú lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ rọra yọ ọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì àti páìpù epo wà, iyanrìn sì máa ń kún ibẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, kí ẹ sì fi aṣọ nù ún títí yóò fi mọ́, nítorí pé gbogbo ìdọ̀tí tí ẹ bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni yóò bọ́ sínú táǹkì bí ẹ bá ṣí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìdánwò tó ń pín ọkọ̀ sí méjì

Kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó síwájú, kó tan kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì ọkọ̀, kó sì máa wo géèjì. Kí ẹ̀yin máa rọra mi sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà rẹ̀. Bó bá kígbe pé ọwọ́ ń mì, ẹ ti rí i. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ sì wo ojú abẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé, abẹ́rẹ́ tó jóná, tàbí ihò tó ti gbòòrò ni ẹ ń wá.

Bí kò bá sí èyí, ẹ ra rẹsísítọ̀ óòmù 100 kan, ohun kékeré tó ń dènà iná ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò rédíò. Ẹ wádìí wáyà méjì tó ń lọ sí fúlóòtì, nítorí pé àwọn tó ń gbé iná pọ́ǹpù wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, wọ́n sì sábà máa ń nípọn ju ti fúlóòtì lọ. Ẹ fi rẹsísítọ̀ náà sí ojú méjèèjì ní ìhà wáyà ọkọ̀, kí ẹ sì tan kọ́kọ́rọ́. Ẹ má ṣe fi wáyà lásán so ojú méjèèjì pọ̀ bí àwọn rewáyà kan ṣe máa ń ṣe. Ọkọ̀ àtijọ́ lè gbà á, àmọ́ ó lè ba dáṣíbọ́ọ̀dù ẹlẹ́kitirónííkì jẹ́.

Ibi tí ọwọ́ géèjì bá lọ kò ṣe pàtàkì. Ohun tí a ń wò ni bóyá ó dúró. Rẹsísítọ̀ kì í yí padà. Nítorí náà, bí ọwọ́ bá dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ẹ ń gbá ìlẹ̀kùn pa, tí ẹ ń mi wáyà, tí kò sì mì, a jẹ́ pé wáyà àti dáṣíbọ́ọ̀dù ò ní ẹ̀bi, inú táǹkì ni àrùn wà. Bó bá ṣì ń já, ẹ kò ní ìdí láti ṣí táǹkì rárá. Owó rẹsísítọ̀ yìí kò tó owó búrẹ́dì, ìbá sì ti gba mí lọ́wọ́ owó pọ́ǹpù.

Ẹ yẹ áàtì wò bákan náà. Ẹ dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ àti àwọn iná ẹ̀yìn, ẹ gbé mítà sí fólítì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sí wáyà áàtì fúlóòtì láti ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ìkejì wà lórí òpó òdì bátìrì. Bí mítà bá ka ju 0.1 fólítì lọ, ẹ tọ wáyà náà dé ibi tí wọ́n ti fi bóòtù dè é mọ́ ara ọkọ̀, ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà ha irin náà títí yóò fi dán, kí ẹ sì dè é padà dáadáa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: yíyọ fúlóòtì

Agbára tí epo fi ń rìn nínú páìpù Corolla yìí tó 44 sí 50 psi, ìwọ̀n kan náà tí a fi ń ka afẹ́fẹ́ táyà; ó ju ti afẹ́fẹ́ inú táyà lọ. Bí ẹ bá yọ páìpù lójijì, yóò tú sí yín lójú. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù, ẹ sítáàtì ọkọ̀ kí ó ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, ẹ tún sítáàtì lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ẹ yọ wáyà òdì lórí bátìrì. Ẹ fi aṣọ bo ojú páìpù kí ẹ tó yọ ọ́.

Ẹ fi máàkà sàmì sí ara ìdérí pọ́ǹpù àti táǹkì, kí ẹ lè mọ bí ó ṣe kọjú sí. Bóòtù kéékèèké ni wọ́n fi dè é nínú àwọn ọkọ̀ kan, òrùka ńlá tí a ń yí ni ti àwọn mìíràn. Bí òrùka bá le, igi ni kí ẹ fi rọra kàn án yí, ẹ má fi irin lu irin lórí táǹkì tó ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé pọ́ǹpù jáde, ẹ dà á dagẹ̀rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè rí ibi gbà. Ẹni tó bá fà á gangan sókè yóò tẹ irin bọ́ọ̀lù, yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ dá àrùn tuntun sílẹ̀.

Ẹ gbé mítà sí óòmù, ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí ojú fúlóòtì, kí ẹ sì rọra gbé bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ máa yí padà díẹ̀díẹ̀ láì fò. Mítà olówó pọ́ọ́kú tó ń fi nọ́ńbà hàn lè má tètè rí ibi tí iná ti já, nítorí pé ó ń lọ́ra kó tó ka nọ́ńbà tuntun. Mítà ọlọ́wọ́ ti àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí, torí pé ojú ẹ á rí i bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ta kìjí ní ojú ibi tó jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ mi bọ́ọ̀lù létí. Bí epo bá ń dún nínú rẹ̀, tàbí tó bá rì nígbà tí ẹ fi sínú epo nínú abọ́ irin, kò wúlò mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àtúnṣe

Bí ojú pátákó bá kàn dúdú ni, tí ìlà rẹ̀ kò sì tíì jẹ dé ìdí, ó ṣeé fọ̀. Ẹ fi òwú bọ sipíríìtì, ẹ nu ojú pátákó àti àwọn ìka náà léraléra títí òwú kò fi ní dúdú mọ́. Bí dúdú náà bá kọ̀, ẹ fi írésà pẹ́ńsù pa á jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe fi sáńpépà kàn án láéláé, nítorí pé ohun tí wọ́n kùn sójú pátákó kò nípọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ó ha á, gbogbo rẹ̀ á lọ. Bí ìka bá ti gbẹ́ ojú ọ̀nà sílẹ̀ lórí pátákó, ẹ lè fi ẹnu abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níwọ̀n ìbú irun, kó lè máa rá lórí ibi tí kò tíì jẹ. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn náà. Mo gbà pé àtúnṣe yìí lè pẹ́, ó sì lè má pẹ́. Bí pátákó bá ti fọ́ tàbí tí ìlà rẹ̀ ti já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Tí ẹ bá ń lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin tàbí Àràrọ̀mí ní Géètì, Ìbàdàn, ẹ mú fúlóòtì àtijọ́ àti mítà yín lọ. Tokunbọ̀ tó dára wà níbẹ̀, èyí tó ti jẹ bíi tiyín náà sì wà níbẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó ń tà á, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ẹ tó sanwó. Ọ̀gá ọlọ́jà tó mọ ohun tó ń tà kò ní bínú sí i. Nọ́ńbà ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè gbọ́dọ̀ bá ti ọkọ̀ yín mu, nítorí pé fúlóòtì tó wọ ihò náà lè máà sọ èdè kan náà pẹ̀lú géèjì yín.

Ìgbésẹ̀ keje: dídá a padà àti ìwọ̀n ìkẹyìn

Ẹ fi rọ́bà òrùka tuntun sí ẹnu táǹkì. Ti àtijọ́ máa ń wú nígbà tó bá ti kúrò ní àyè rẹ̀, ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù lásán rọ́pò rẹ̀, epo á tú u. Ẹ wo àmì tí ẹ fi máàkà ṣe, ẹ dè é, ẹ so páìpù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ dá wáyà bátìrì padà. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sítáàtì ọkọ̀, kí ẹ sì wo ẹnu táǹkì àti páìpù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bóyá ó ń jò. Bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn epo, ẹ pa á, kí ẹ sì tún un dè. Ìjókòó kò gbọdọ̀ padà sípò títí òórùn yóò fi tán.

Ẹ lọ ra epo ní lítà 10, 10. Táǹkì Corolla yìí ń gba 50 lítà, nítorí náà lítà 10 kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ géèjì sókè ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Bí ọwọ́ bá dúró dáadáa àmọ́ tó ń sọ pé epo kéré ju bó ṣe wà lọ jálẹ̀jálẹ̀, ẹ ó ní láti tún fúlóòtì yọ, kí ẹ tẹ irin rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ ní ìhà bọ́ọ̀lù. Bó bá ń sọ pé ó pọ̀ jù, ẹ tẹ̀ ẹ́ sókè. Mìlímítà díẹ̀ ti tó. Nígbà tí táǹkì bá kún, ẹ sọ òǹkà ìrìnàjò di 0, ẹ wakọ̀ títí iná epo yóò fi tàn, kí ẹ wo iye kìlómítà tí ẹ ti rìn, kí ẹ sì tún kún un láti mọ lítà tó gbà. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí páálí, kí ẹ fi sínú píjìnhóòlù, kí ẹni tó bá tún wa ọkọ̀ náà lè mọ iye kìlómítà tó kù fún un.